Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Ọ̀bẹ Rírọ

Ẹni tó bá fẹ́ máa rọ ọ̀bẹ tà ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò ní wá irin tì. Láti Ṣàgámù títí dé Ògèrè, níbi tí àwọn tírélà máa ń pọ̀ sí lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, sípíríngì tó ti kán, bẹ́árìn tó ti jẹ àti fáìlì tí a fi ń ha irin, tó ti kú, kún ọwọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irin wọ̀nyí kò rí bákan náà, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló ń pinnu bóyá ọ̀bẹ yóò mú, bóyá yóò tẹ̀, tàbí bóyá yóò kán mọ́ ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́. Mo ń kọ ìrírí mi yìí fún ẹni tó ti ní òòlù, èédú àti owú, tó sì rò pé ìyókù kò le.

Wẹ́dà ni mí kí n tó máa rọ ọ̀bẹ. Géètì àti ojú fèrèsé onírin ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ mi níwọ̀nba. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni àwọn ìyá tó ń ṣe gàárì máa ń jókòó sí bẹ́ pákí láti òwúrọ̀. Gbogbo ẹni tó mọ gàárì Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé kíkan rẹ̀ àti kíkúnná rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló ń ronú nípa iye pákí tí ọwọ́ ènìyàn ní láti bẹ́ kí àpò kan tó kún. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń rà lọ́jà kì í mú kọjá ọ̀sán. Bí ó bá ti kú, wọn á gbé e wá kí n fi gírándà pọ́n ọn, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì, wọn á tún dé. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé èmi tí mo ń fi irin ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lè rọ ọ̀bẹ tó sàn ju èyí lọ.

Irin tó wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé. Ó rọ̀ nínú iná, ó gbọ́ràn sí òòlù lẹ́nu, ó sì wu ojú nígbà tí mo pọ́n ọn tán. Mo mú un gbóná títí ó fi pọ́n, mo tì í bọ omi bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe, ó hó, ooru bo ojú mi, inú mi dùn. Nígbà tí mo fi fáìlì kàn án, fáìlì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé kò wọ omi rí. Mo tún un ṣe, mo fi kún iná, mo wá omi tó tutù sí i, irin náà kò yí padà. Kò sí ohun tí omi lè ṣe fún irin tí kò ní kábọ́ọ̀nù tó pọ̀ tó nínú. Kábọ́ọ̀nù, ohun kan náà tó pọ̀ jù nínú èédú, ló ń jẹ́ kí irin le bí a bá mú un gbóná dé ìwọ̀n kan tí a sì mú un tutù lójijì. Wọn kì í jẹ́ kí ó pọ̀ nínú irin rọ́ọ̀dù kí irin náà lè ṣe é tẹ̀. Sípíríngì pẹlẹbẹ ti mọ́tò sábà máa ń ní tó 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́árìn àti fáìlì tó dára sì máa ń ní tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn fáìlì olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé awọ ara wọn nìkan ló le, inú wọn rọ̀. Ẹni tó bá pọ́n irú wọn di ọ̀bẹ ti pọ́n gbogbo líle rẹ̀ dànù.

Bí ẹ bá ní gírándà, ẹ wo iná tó ń ta nígbà tí ẹ bá gbé irin lé e. Irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré máa ń ta iná gígùn tó lọ tààrà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́nká; èyí tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ máa ń fọ́nká nítòsí òkúta gírándà, tí yóò sì máa pẹ̀ka wẹẹrẹ-wẹẹrẹ. Iná títa kò tó ẹ̀rí, àmì lásán ni. Ẹ̀rí tó dájú ni kí ẹ gé èérún irin náà tó tó ìka kan, kí ẹ mú un gbóná, kí ẹ tì í bọ òróró, kí ẹ sì gbìyànjú fáìlì lára rẹ̀. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́, ó ti le. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi fáìsì dì í mú, kí ẹ fi aṣọ nípọn bò ó, kí ẹ fi ìbòjú sójú, kí ẹ sì fi òòlù ṣẹ́ ẹ. Èérún tí mo ń ṣẹ́ báyìí ti kọ́ mi ní ohun tó pọ̀ ju ọ̀bẹ tí mo rọ lọ, bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ gan-an kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nítorí pé ó ń dùn mí láti ba irin jẹ́.

Sípíríngì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀ oníkòkó kí wọ́n tó bí mi. Ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń di ẹ̀mú mú láìjẹ́ kí ọrùn ọwọ́ dun ni, bí a ṣe ń fa irin gùn láìjẹ́ kí etí rẹ̀ ya, àti pé a kì í lu sípíríngì mọ́ nígbà tí pípọ́n rẹ̀ bá ti ń ṣú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irin tó bá ti dákẹ́, dá a padà sínú iná." Wọn kò fẹ́ràn kí n máa fi òòlù tọ́ irin wò káàkiri. Bí mo bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á rán mi létí pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Lójú tèmi, òwe ni wọ́n ń pa. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an ni. Gbogbo ìgbà tí irin bá padà sínú iná ni ìpẹ́ dúdú máa ń ṣí kúrò lára rẹ̀, kábọ́ọ̀nù awọ rẹ̀ sì ń jó lọ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi òòlù ṣeré yóò máa dá irin padà sínú iná léraléra, ọ̀bẹ tó bá sì padà sínú iná jù yóò ní awọ tó rọ̀ lórí ara tó le. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ń fi fáìlì dán ọ̀bẹ wò lẹ́yìn tó kúrò nínú òróró, kí ẹ kọ́kọ́ ha awọ òkè rẹ̀ kúrò díẹ̀. Mo ti ju ọ̀bẹ tó dára padà sínú iná nítorí pé mo gba awọ rẹ̀ gbọ́.

Omi ni Bàbá fi ń ṣe ọkọ́ àti àdá wọn, wọ́n sì ń le dáadáa. Èmi náà ti ọ̀bẹ sípíríngì mi àkọ́kọ́ bọ omi lójú wọn. Mo gbọ́ ohùn kan, tín-ín, ohùn kékeré tó mọ́ tónítóní, tí ẹni tí kò bá súnmọ́ omi náà kò lè gbọ́. Nígbà tí mo yọ ọ̀bẹ jáde tí mo sì nù ún, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn ti gba ojú ọ̀bẹ kọjá sí ẹ̀yìn. Bàbá wò ó, wọ́n ní irin ayé òde òní ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́. Irin tí wọ́n mọ̀ látijọ́ kọ́ nìyẹn. Irin tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ kò ní kábọ́ọ̀nù tó ti sípíríngì, ó sì lè fara da omi. Sípíríngì ọkọ̀ ńlá, yàtọ̀ sí kábọ́ọ̀nù, sábà máa ń ní krómíọ́mù díẹ̀ nínú, ìyẹn irú irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, krómíọ́mù yìí sì ń jẹ́ kí ó le títí dé inú bí kò bá tilẹ̀ tètè tutù púpọ̀. Bí a bá wá tì í bọ omi, awọ rẹ̀ á ti le tán kí inú tó yí padà. Nígbà tí inú bá sì ń yí padà, ó máa ń wú díẹ̀, awọ tó ti le kò sì lè nà mọ́, ló bá ya. Òróró ló tọ́ sí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá, wọn kò bá mi jiyàn, wọn kò sì gbà mí gbọ́. Wọ́n ní kí n gbé òróró mi wá kí àwọn rí i.

Mo kọ́kọ́ lo ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Irin le nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń ta ni lọ́fun, ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri àti aṣọ, ohun tó sì ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti lò ó tán kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn máa fà símú. Epo pupa ń dì, kò sì rọrùn lówó. Òróró ẹ̀pà ni mo wá dúró lé. Lọ́wọ́ àwọn tó ń dín àkàrà ni mo ti ń ra èyí tí wọ́n ti lò, mo máa ń sẹ́ ẹ, mo sì máa ń gbé e kaná títí gbogbo omi inú rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ omi yìí ṣeré. Omi tó bá wà nínú òróró máa ń jókòó sísàlẹ̀. Bí irin gbígbóná bá kàn án, á di ooru lójijì, á sì gbé òróró gbígbóná fò jáde sójú ẹni tó dúró tì í. Ohun ìkóróró náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kí ó ga tó láti bo ọ̀bẹ mọ́lẹ̀, kí ó ní ìdérí onírin nítòsí. Bí òróró bá gbiná, ìdérí ni a fi ń pa á tàbí yanrìn gbígbẹ, a kì í da omi sí i láéláé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nídìí òróró ni pé èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń mú irin tutù kíákíá ju èyí tó tutù lọ. Òróró tutù ki, kì í tètè yí kúrò lára irin. Ní nǹkan bí 50 sí 60°C, ó ṣàn, ó sì ń ráàyè gbé ooru lọ. Irin rọ́ọ̀dù tí kò wúlò fún ọ̀bẹ wá rí iṣẹ́ níbí: mo máa ń mú un gbóná, mo sì máa ń fi ro òróró títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀bẹ bá wọlé, ṣóńṣó rẹ̀ ni kó ṣáájú, kó lọ tààrà, kí ẹ sì máa gbé e lọ sókè sódò. Bí ẹ bá fì í sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀gbẹ́ kan á tutù ju ìkejì lọ, ọ̀bẹ á sì tẹ̀. Ojú ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ tíì tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà yìí. Mo máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà kan àbọ̀ sílẹ̀, kí n tó wá pọ́n ìyókù lẹ́yìn tí ó bá ti le. Bí ó bá tẹ̀, àǹfààní kékeré kan wà: bí a bá tètè yọ ọ́ kúrò nínú òróró kí ó tó tutù pátá, a ṣì lè fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ padà kí ó tó di líle tán. Bí àkókò yẹn bá kọjá, ẹ fi sílẹ̀.

Gbogbo èyí kò sì wúlò bí ẹ kò bá mọ bí irin ṣe gbóná tó. Ìta gbangba ni mo ń ṣiṣẹ́ sí, lábẹ́ páànù tí kò ní ògiri, oòrùn sì ń wọlé láti gbogbo ọ̀nà. Irin tó pọ́n dáadáa nínú òkùnkùn máa ń dà bí ẹni pé kò tíì gbóná rárá lójú oòrùn, nítorí náà mo ń fi kún iná, mo ń fi kún un, títí ó fi pọ́n lójú mi; nígbà yẹn, ó ti kọjá ibi tó yẹ tipẹ́tipẹ́. Àwọn ọ̀bẹ yẹn le, fáìlì kò jẹ wọ́n, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ọ̀kan já bọ́ lórí kọnkéré tó sì dá sí méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo inú rẹ̀. Ojú ibi tó ti kán rí hóró-hóró, ó ń dán, bíi gàárì tí wọn kò kù. Nígbà tí mo wá mọ bó ṣe yẹ kí n ṣe é, ojú ibi tí èérún ti ń kán di eérú, ó kúnná, kò dán, ẹ kò ní rí hóró kan níbẹ̀. Ìgbóná àpọ̀jù ló ń mú kí hóró inú irin dàgbà, hóró ńlá sì ni kíkán máa ń gbà kọjá.

Òòfà ló gbà mí. Mo tú u lára gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́, mo so ó mọ́ wáyà gígùn. Nígbà tí irin bá gbóná dé nǹkan bí 770°C, òòfà kì í fà á mọ́. Fún sípíríngì, ibi tó yẹ kí a dé kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ní bíi 830 sí 850°C, èyí tó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn tí òòfà bá ti kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó tún mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, kí gbogbo ara rẹ̀ bá ara dọ́gba, kí ẹ tó gbé e lọ sínú òróró. Mo kọ́ ògiri, mo sì ń dúró de ìrọ̀lẹ́ kí n tó ṣe apá yìí nínú iṣẹ́ náà. Ìrọ̀lẹ́ kan náà ni Bàbá máa ń ti ọkọ́ bọ omi ní tiwọn, n kò sì béèrè ìdí rí, mo rò pé ìgbà yẹn ni ara máa ń tu wọ́n.

Irin tí ìgbóná ti ba hóró rẹ̀ jẹ́ ṣe é tún ṣe, bí kò bá tíì jó. Mo máa ń mú ọ̀bẹ tí mo bá rọ tán gbóná kọjá ibi òòfà, mo máa ń jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ títí pípọ́n rẹ̀ yóò fi kú pátá, mo sì máa ń tún un ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ìgbóná ti ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, kí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì rẹlẹ̀ jù. Hóró á kúnná padà, wàhálà tí òòlù ti kó sínú irin á sì rọlẹ̀, débi pé ọ̀bẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ mọ́ nínú òróró. Ṣùgbọ́n irin tó bá ti ń ta iná funfun nínú èédú ti jó nìyẹn. Ẹ gé ibẹ̀ sọnù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Iléyá, nítorí pé òun ló ń dùn mí jù lọ. Ẹni tó bá ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí ìlú ṣe máa ń kún nígbà yẹn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Òjúde Ọba, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń bọ̀ wálé, àgbò ń ṣubú, gbogbo ilé ló sì ń wá ọ̀bẹ. Àwọn alápatà ti gbọ́ pé ọ̀bẹ mi le, wọ́n sanwó sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀bẹ tó kúrò nínú òróró tún padà sí ìwọ̀nba ooru kí líle rẹ̀ lè rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti dán ìkan wò láìṣe bẹ́ẹ̀, ó gé pákí dáadáa, àkókò sì ń lọ. Mo pọ́n wọn, mo fi èèkù sí wọn, mo kó wọn fún àwọn tó ni wọ́n.

Pákí kò ní egungun. Ọ̀bẹ tó bá kúrò nínú òróró tí kò padà sínú ooru le jù, kò sì ní ìfaradà kankan. Bí ó bá kan egungun, ojú rẹ̀ ń fọ́. Lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, alápatà kan gbé tirẹ̀ wá. Ibì kan tó tó èékánná ọmọ kékeré ti ṣẹ́ kúrò lójú ọ̀bẹ. Kò bínú, ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tó kù." Kò mọ inú ẹran tí ó wọ̀, èmi náà kò mọ̀. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ń gba àwọn ọ̀bẹ náà padà, mo ń dá owó wọn padà, ojú sì ń tì mí nítorí pé àwọn kan ń kí mi kú iṣẹ́, wọn kò fẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ èérún irin náà. Síbẹ̀, n kì í lè jẹ ẹran Iléyá láìfi ahọ́n wá a káàkiri.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí kò ṣòro. Kí ọ̀bẹ tó tutù tán lẹ́yìn òróró ni mo ti ń múra ooru rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lè ya fúnra rẹ̀ lórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Alábúrẹ́dì kan wà ládùúgbò wa tó máa ń jẹ́ kí n lo ààrò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kó búrẹ́dì jáde. Mo ra tẹmọ́mítà ààrò, mo máa ń dúró títí ìgbóná yóò fi rọlẹ̀ sí nǹkan bí 200°C, mo máa ń fi ọ̀bẹ síbẹ̀ fún wákàtí méjì, mo máa ń jẹ́ kí ó tutù, mo sì máa ń tún un fi síbẹ̀ fún wákàtí méjì mìíràn. Kí n tó rí ààrò yìí, agbada tí wọ́n fi ń yan gàárì ni mo ń lò. Mo da yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, mo gbé e lé iná tí kò le, mo sì tẹ́ ọ̀bẹ tí mo ti ha dán sórí rẹ̀ kí n lè máa wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ àlùkò, kí ó tó wá di aró. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni mo fẹ́ fún ọ̀bẹ pákí, nítorí pé kò sí ohun tó le tí yóò kàn. Fún alápatà, mo máa ń jẹ́ kí ó dé àwọ̀ ilẹ̀, kí ó lè fara da egungun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò nílò pípọ́n lemọ́lemọ́ díẹ̀ sí i. Bí ó bá di aró, ó ti rọ̀ jù fún ọ̀bẹ. Ẹ mú un tutù, ẹ gbé e padà sínú iná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi òòfà.

Àwọ̀ aró yìí kan náà ni gírándà máa ń fi ba iṣẹ́ jẹ́ níkẹyìn. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, bí ẹ bá tẹ ojú ọ̀bẹ mọ́ òkúta gírándà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, tí aró bá yọ létí rẹ̀, ibẹ̀ ti rọ̀. Mo ti ṣíwọ́ lílo ìbọ̀wọ́ nígbà tí mo bá ń pọ́n, nítorí pé ìka lásán ló ń tètè sọ fún mi pé irin ti ń gbóná, ìbọ̀wọ́ sì lè há mọ́ òkúta tó ń yí. Ike omi máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀bẹ sì ń wọ ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Èèkù kò fún mi ní wàhálà rárá. Pàǹtí igi pọ̀ ní àwọn ilé ìlagi Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹ ṣáà rí i pé ó gbẹ, kí ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń ha ìrókò.

Mo ní láti sọ nípa páìpù. Nígbà tí mo ń kọ́ ibi ìdáná mi, mo wá páìpù tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé, mo sì rí èyí tó ń dán funfun tí wọ́n fi ń fa omi. Ṣíǹkì ni wọ́n fi bò ó kí ó má baà dóògún, ẹnu rẹ̀ sì wà láàárín iná. Èéfín funfun jáde, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń jó. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, òtútù mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn, ẹnu mi ń korò bí ẹni lá irin. Mo ní ibà ni, mo sì gba oògùn ibà. Ara mi yá lọ́jọ́ kejì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, òtútù náà tún dé lálẹ́. Àgbà wẹ́dà kan ló bi mí pé irin wo ni mo ń fi iná sun. Èéfín ṣíǹkì máa ń gbé irú ibà yìí wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Mílíìkì tí àwa wẹ́dà máa ń mu kò dí i lọ́nà. Páìpù dúdú ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì ti ohunkóhun tí wọ́n fi ṣíǹkì bò bọ iná.

Ìṣòro tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí mo ṣe ń yẹra fún ni ti sípíríngì tó ti ya kí ó tó dé ọwọ́ mi. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù tó wúwo gba kòtò kọjá lọ́jọ́ pípẹ́ máa ń fi ìlà kéékèèké sínú sípíríngì, ìlà tí ìdóògún àti èérí bò mọ́lẹ̀. Mo ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ lórí ọ̀bẹ kan, ó kán lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ibi tó kán ló là mí lóye: apá kan jẹ́ eérú tó mọ́, apá kejì dúdú, ìpẹ́ iná ti bò ó. Kíkán tuntun kì í dúdú. Apá dúdú yẹn ti ya kí irin náà tó wọ iná mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì sí ohun tí òróró tàbí ààrò lè ṣe sí i.

Ní báyìí, bí mo bá ra sípíríngì, mo máa ń fi gírándà ha ìdóògún rẹ̀ kúrò títí yóò fi dán lójú méjèèjì, pàápàá lágbègbè ihò tí bóòtì ń gbà kọjá. Mo máa ń fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́ mọ́jú, mo máa ń nù ún gbẹ dáadáa, mo sì máa ń lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, mo máa ń fi kùn ún lára. Bí ìlà bá wà, kẹrosíìnì tó ti wọ inú rẹ̀ á sun jáde, ṣọ́ọ̀kì á sì rin níbẹ̀, ẹ ó rí i kedere. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan tó wà létí, mo máa ń gé ibẹ̀ kúrò, mo sì máa ń fi ìyókù rọ ọ̀bẹ pákí. Bí ìlà bá ti tò lọ lára rẹ̀, mo máa ń kó o padà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ní iye tí wọ́n bá fẹ́ rà á, mo sì máa ń fi ṣọ́ọ̀kì náà sílẹ̀ lára rẹ̀ kí alágbẹ̀dẹ mìíràn má baà rà á.